Ukraine, 2015 sí 2024: ta ló dá iná padà, kí ni àwọn tó kọlù wọ́n sì kọ́ níbẹ̀?

#1 Wáyà33

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ ká jọ wo ogun orí kọ̀ǹpútà tí orílẹ̀-èdè ń gbé ko orílẹ̀-èdè, pàápàá èyí tó ń wọ inú iná mànàmáná. Ti Ukraine ni ká fi ṣe àyẹ̀wò, torí òun ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún jù.

December 23, 2015, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó ń pín iná, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra wọn: Prykarpattyaoblenergo ní Ivano-Frankivsk, Kyivoblenergo, àti Chernivtsioblenergo. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ rí atọ́ka tó ń rìn fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tó ń já breaker (switch ńlá tó ń gé iná) kan tẹ̀lé òmíràn, wọn kò sì lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀. Ní Kyivoblenergo nìkan, substation (ibùdó tí wọ́n ti ń yí folti iná padà kí wọ́n tó pín in) 110 kV méje àti 35 kV mẹ́tàlélógún ló kú. Àpapọ̀ oníbàárà tó wà nínú òkùnkùn tó 225,000.

Iná padà láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà ló dá a padà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n dé substation kọ̀ọ̀kan, wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ìdarí ọ̀nà jíjìn, wọ́n fi ọwọ́ ti breaker padà. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì fi ń darí àwọn kan lọ́wọ́. Lóde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ iná kan ń dín òṣìṣẹ́ orí pápá kù, wọ́n sì ń ra panel tí kò ní ìdarí ọwọ́ kankan. Èmi lòdì sí i pátápátá. Substation tí èèyàn kò bá lè fi ọwọ́ darí, kò yẹ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ẹ gbọ́, kí lẹ rò sí i?

#2 Aṣọ́bodè

Ẹ ṣeun, ọ̀gá Wáyà. Kí ẹni tó ń kà má bàa rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n wọlé, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà.

Ímeèlì ló ṣáájú, tí fáìlì Microsoft Office wà nínú rẹ̀. Fáìlì náà bẹ ẹni tó ṣí i pé kó gba macro (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nínú fáìlì) láàyè. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, fáírọ́ọ̀sì BlackEnergy 3 wọlé sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn òṣìṣẹ́ jọ, títí wọ́n fi rí àwọn tó ní àyè láti wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdarí iná látorí VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń wọlé láti òkèèrè). Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni VPN náà ń béèrè, kò sí ẹ̀rí kejì. Oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n lò nínú ilé kí wọ́n tó fọwọ́ kan breaker kankan. Sọ́fítíwíà ìdarí tí ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò kò dọ́gba, wọ́n sì fara balẹ̀ kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò nílò ihò ààbò tuntun kankan láti já breaker. Bọ́tìnì tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n tẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́. Kò sí antivirus tó máa rí ìyẹn.

Ní October 2020, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ọmọ ogun mẹ́fà nínú GRU, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun ti Rọ́ṣíà, ẹ̀ka 74455, tí àwa mọ̀ sí Sandworm, lórí èyí àti àwọn tó tẹ̀ lé e.

#3 Tolú_Sáfà

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìbéèrè kan: tí breaker bá ti já, tí iná ti lọ, kí ló dé tí wọ́n tún ba firmware (sọ́fítíwíà inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀) àwọn converter inú substation jẹ́? Mo sì kà á pé wọ́n fọwọ́ kan UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ) àti tẹlifóònù.

#4 Wáyà33

@Tolú_Sáfà, ìbéèrè gidi nìyẹn. Èdè tí RTU (ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ yàrá ìdarí fún breaker) inú substation ń sọ jẹ́ ti serial, okùn àtijọ́, RS-232 tàbí RS-485. Converter ló ń gbé e sórí Ethernet kí yàrá ìdarí tó lè gbọ́ ọ. Wọ́n gbé firmware èké lé e lórí, ó sì kú pátápátá. Kò sí reset tó lè jí i. Ìyẹn ni pé bí yàrá ìdarí bá tiẹ̀ gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, kò sí ọ̀nà tí àṣẹ fi máa dé substation àfi kí wọ́n gbé converter mìíràn wá.

Ti UPS, wọ́n wọ ojú-ìwé ìṣàkóso rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sì fi àkókò sí i pé kó pa iná kọ̀ǹpútà àti sáfà. Tẹlifóònù ní tiẹ̀, ìpè èké ni wọ́n fi kún ibùdó oníbàárà débi pé ẹni tí iná lọ mọ́ lójú kò rí ẹni sọ fún. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì KillDisk wá nu apá tí kọ̀ǹpútà fi ń tan kúrò lórí díìsìkì.

#5 Onírelay

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn tán. Àwọn tó ṣe ti 2015 rí i pé ọwọ́ ló dá iná padà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dójú sọ.

December 17, 2016, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá òru lù, substation 330 kV tó ń jẹ́ Pivnichna, ti Ukrenergo, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná káàkiri Ukraine, kú ní ẹ̀gbẹ́ Kyiv. Nǹkan bí 200 MW ló lọ, ìdá kan nínú márùn-ún iná tí ìlú náà ń lò ní wákàtí yẹn. Ó padà lẹ́yìn wákàtí kan àti bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ èèyàn wò ó, wọ́n ní ó kéré sí ti 2015. Ohun tí wọ́n gbèrò kò kéré rárá.

Fáírọ́ọ̀sì náà ni ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ESET pè ní Industroyer, tí Dragos, ilé-iṣẹ́ ààbò mìíràn, pè ní CrashOverride. Kò sí pé ẹnì kan ń darí atọ́ka mọ́. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ èdè mẹ́rin tí ẹ̀rọ iná fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: IEC 60870-5-101, IEC 60870-5-104, IEC 61850 àti OPC DA. Ó kọ́kọ́ já breaker. Ó nu kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kí wọ́n má rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló wá gbìyànjú láti pa relay SIPROTEC ti Siemens (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wáyà, tó ń sọ fún breaker pé kó já tí ewu bá dé) lẹ́nu mọ́, nípasẹ̀ ihò CVE-2015-5374 tí Siemens ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti 2015. Packet UDP kan (ìdì ìsọfúnni kékeré), byte 18 péré, sí port 50000, relay á dákẹ́ títí ẹnì kan á fi wá tún un tan.

Breaker ti já ná. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi relay ṣe? Wọ́n mọ̀ pé òṣìṣẹ́ á wọ ọkọ̀ wá, á fi ọwọ́ ti breaker padà, láìmọ̀ pé relay tó ń dáàbò bo transformer kò sí níbẹ̀ mọ́. Tí fault (bíi wáyà tó kan ilẹ̀ tàbí tó kan ara wọn) bá wà lórí wáyà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún amp á máa ṣàn nínú transformer, kò sì ní sí ohun tó máa já a. Transformer 330 kV kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń kó sí ìsọ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, tàbí ju ọdún kan lọ, kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tán. Dragos ló tún fáírọ́ọ̀sì náà yẹ̀ wò ní 2019 tí wọ́n fi rí ète yìí. Ohun tó kó Ukraine yọ ni pé wọ́n kọ àdírẹ́sì IP àwọn relay náà sódì, byte tó yẹ kó ṣíwájú bọ́ sẹ́yìn, packet kò dé ibi tí wọ́n rán an.

Ẹni tó bá rò pé kọ̀ǹpútà kò lè fọ́ irin, kó wo àyẹ̀wò Aurora tí Idaho National Laboratory ṣe ní March 2007. Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì 2.25 MW ni. Wọ́n ń já breaker rẹ̀, wọ́n sì ń tì í padà nígbà tí òun àti grid (àpapọ̀ wáyà iná ìlú) kò sí lórí ìlù kan náà. Ó gbọ̀n jìgìjìgì, èéfín jáde, ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

#6 Wáyà33

Ọ̀rọ̀ yín wọlé, mo sì gba apá relay yẹn tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ló fi hàn. Tí wọ́n bá fura pé ìkọlù ló já breaker, bó ṣe yẹ kí òṣìṣẹ́ tó dé substation ṣe é rèé.

Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti ìta wọlé sínú gateway (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì substation) ni kó kọ́kọ́ fà yọ, kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, torí àṣẹ míì lè wọlé nígbà tó dúró síwájú breaker. Kó yí switch sí local. Switch yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tó ń gé wáyà àṣẹ ọ̀nà jíjìn lójú ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ àmì inú sọ́fítíwíà lásán ni, ẹni tó wà nínú kọ̀ǹpútà lè yí i padà.

Lẹ́yìn náà, bátìrì DC. Tí ó bá yẹ kó jẹ́ 110 V, kó wọ̀n ọ́ ní ẹnu trip coil (wáyà tó ká, tó ń mú kí breaker já), kì í ṣe ní ẹnu charger nìkan. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè ní folti tó dára nígbà tí ohunkóhun kò fà á, kó sì wó lulẹ̀ nígbà tí coil bá fà á.

Relay ló kàn. Kó tẹ bọ́tìnì ojú rẹ̀, kó ka folti tó ń hàn, kó fi wé mítà tí VT (transformer kékeré tí wọ́n fi ń wọn folti) ń bọ́. Tí kò bá dáhùn, kó pa MCB (switch kékeré) tó ń bọ́ ọ ní DC, kó dúró, kó tún un tan, kó wá fi setting rẹ̀ wé ìwé tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀. Iná tó ń tàn ní iwájú relay kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀rí tó dájú ni kí wọ́n fi injector, ẹ̀rọ ìdánwò, rán current sí i láti ẹnu test block, kí breaker já lóòótọ́.

Ìgbà yẹn ló tó lè ti feeder (wáyà tó ń gbé iná lọ sí àdúgbò) kan padà, lẹ́yìn náà òmíràn. Ní ìgbà òtútù pàápàá, ẹrù tó máa padà wọlé á ga ju èyí tó lọ, torí gbogbo hítà ló máa fa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá ti gbogbo feeder papọ̀, ìdáàbòbò overcurrent (tó ń já breaker tí current bá pọ̀ jù) á já a padà, wọ́n á sì rò pé ìkọlù ṣì ń lọ.

#7 ỌmọỌ̀ṣun

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin àgbà. Injection yẹn kò ní pẹ́ jù báyìí? Àwọn èèyàn wà nínú òtútù.

#8 Onírelay

Á pẹ́ tí ẹ bá ní kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lórí bay (breaker àti àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e) kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, overcurrent àti earth fault nìkan ni kí ẹ dán wò lákọ̀ọ́kọ́, èyí tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 50/51 àti 50N/51N; irú ìdáàbòbò mìíràn, distance àti differential, lè dúró títí iná á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí bay tó ṣe pàtàkì ní relay overcurrent kejì tí kò ní ẹnu nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, kó ní CT (transformer kékeré tí wọ́n fi ń wọn current) àti trip coil tirẹ̀. Irú èyí tí díìsìkì ń yí nínú rẹ̀ láyé àtijọ́ ṣì wúlò. Kò sí packet tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

#9 Aṣọ́bodè

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tó jẹ́ kí gbogbo èyí ṣeé ṣe. IEC 104 (IEC 60870-5-104 tí a dárúkọ lókè) ń gba àṣẹ lórí TCP port 2404, Modbus, èdè ẹ̀rọ mìíràn, ń gbà á lórí port 502, kò sì sí èyí tó ń béèrè pé "ìwọ ta ni?" nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ti dé ẹnu wọn ni ọ̀gá wọn. Ìlànà IEC 62351 wà tó ń fi ẹ̀rí ìdánimọ̀ kún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ fún ogún ọdún kò lè lò ó.

Ọ̀gá Wáyà, ibi tí ọwọ́ kò ti tètè gbani nìyí: Lviv, January 2024. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi omi gbígbóná mú ilé móoru ni wọ́n kọlù. Fáírọ́ọ̀sì tí Dragos pè ní FrostyGoop fi Modbus ránṣẹ́ sí controller ENCO (ẹ̀rọ tó ń darí omi gbígbóná), ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń rí yí padà di irọ́, omi tútù sì ń wọ ilé àwọn èèyàn. Ó ju 600 ilé gbígbé alájà púpọ̀ lọ tó wà nínú òtútù fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, nígbà tí ìta tutù ju ibi tí omi ti ń di yìnyín lọ. Wọ́n tún dá firmware controller padà sí ẹ̀dà àtijọ́ tí kò ní agbára ìṣọ́, kí yàrá ìdarí má bàa rí wọn. Ráútà Mikrotik tó ní ihò ni wọ́n gbà wọlé láti April 2023, kò sì sí odi láàárín ráútà yẹn, sáfà ìṣàkóso àti àwọn controller.

Kò sí breaker kan tí wọ́n lè tì padà níbẹ̀. Controller kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti tún tò.

#10 ỌmọỌ̀ṣun

Ẹ jọ̀ọ́, grid tiwa ní Nàìjíríà ńkọ́? Gbogbo ìgbà tó bá ṣubú làwọn kan ń sọ lórí WhatsApp pé hákà ni.

#11 Onírelay

Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ láìsí ẹ̀rí. Grid tí kò ní ìpamọ́ agbára tó tó, tí wáyà 330 kV kan bá já tàbí tí tọ́báìnì ńlá kan kú lójijì, 50 Hz rẹ̀ á wálẹ̀, àwọn ibùdó tó kù á máa já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan láti dáàbò bo ara wọn. Ìyẹn ti tó láti gbé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ láìsí hákà kankan.

National Control Centre wà ní Òṣogbo, àwọn àti ibùdó iná sì ṣì ń fi tẹlifóònù ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. SCADA (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó sì ń darí wọn láti ọ̀nà jíjìn) tó kárí grid ni wọ́n ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́. Àṣẹ tó bá gba ẹnu èèyàn kọjá kò ṣeé fi fáírọ́ọ̀sì darí, ṣùgbọ́n òun náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí SCADA yẹn bá dé, ẹ̀kọ́ Pivnichna gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé àṣẹ jáde ní 2024 tó ka irú ohun èlò yìí sí èyí tí òfin gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló kàn mí lóminú jù: omi estéètì, inverter, PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ) tí agbaṣẹ́ṣe fi SIM sí kó lè máa wò ó láti ilé. Ní Aliquippa, Pennsylvania, November 2023, ẹgbẹ́ tó ní í ṣe pẹ̀lú Ìránì gba PLC Unitronics ti ilé-iṣẹ́ omi. Port 20256 ṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i sì ni 1111. Àwọn òṣìṣẹ́ pa á, wọ́n sì bọ́ sí ìdarí ọwọ́. Ẹ ríi pé ẹ̀gbọ́n Wáyà jàre níbẹ̀.

#12 Tolú_Sáfà

Ẹ jẹ́ n mú ti sáfà wá, torí ó kan ilẹ̀ wa níhìn-ín. June 27, 2017, fáírọ́ọ̀sì NotPetya gba inú àtúnṣe M.E.Doc jáde, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò owó orí ní Ukraine. Ó tàn dé Maersk tó ń kó kọ̀ǹténà káàkiri ayé. Domain controller wọn (sáfà tó ń tọ́jú orúkọ àti àyè oníṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó nǹkan bí 150, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fún èkejì. Gbogbo wọn ló nù lẹ́ẹ̀kan náà, àyàfi èyí tó wà ní Gánà, tí iná ti lọ níbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó dé. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò lágbára láti fi í ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kankan ní Gánà kò sì ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé hard drive náà wá sí Nàìjíríà, wọ́n fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, òun ló gbé e dé London. Maersk tún to sáfà 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹ̀dà tó ń bá ojúlówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí okùn kankan kò kàn.

#13 Aṣọ́bodè

Ó tọ́. Ohun tí mo máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, tówó bá kéré: VPN tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdarí gbọ́dọ̀ béèrè ẹ̀rí kejì, kó sì wà ní pípa. Yàrá ìdarí ló máa tan án fún wákàtí tí agbaṣẹ́ṣe béèrè, kó sì tún pa á. Firewall (odi nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó ṣíwájú RTU, kó gba 2404 láti ọwọ́ àdírẹ́sì sáfà SCADA méjì péré, kó sì kígbe tí ẹlòmíràn bá kàn án. Macro láti íntánẹ́ẹ̀tì, pípa fún gbogbo èèyàn. Kọ́kọ́rọ́ ara controller ààbò kò gbọdọ̀ wà ní PROGRAM lẹ́yìn iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì Triton ti rí àyè ní ilé-iṣẹ́ epo Saudi ní 2017. Àwòrán gbogbo substation, títẹ̀ sórí ìwé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin.

#14 ỌmọỌ̀ṣun

Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn, ẹ má bínú: converter tí wọ́n bàjẹ́ ní 2015 yẹn, mélòó ló yẹ kí ilé-iṣẹ́ ní nípamọ́?

#15 Wáyà33

Ẹ má ka iye nìkan, ẹ ka substation tí kò gbọdọ̀ kú: ilé ìwòsàn, omi, àti èyí tó ń bọ́ yàrá ìdarí fúnra rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó ní converter kan tó jẹ́ irú kan náà, firmware kan náà, tí wọ́n ti to baud rate àti parity (ètò ìyára àti àyẹ̀wò okùn serial) àti àdírẹ́sì IP rẹ̀ sílẹ̀, nínú àpótí tí a kọ orúkọ substation sí. Fáìlì firmware àti hash rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi hàn pé ẹnì kan kò yí i padà), ẹ kọ ọ́ sórí CD tí kò ṣeé kọ nǹkan míì sí. Lórí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ pa telnet àti ojú-ìwé ìṣàkóso, kí ẹnikẹ́ni má lè gbé firmware sí i láìgba ti okùn serial tí wọ́n fi ọwọ́ so. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ yọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi èyí tó wà nínú àpótí rọ́pò rẹ̀, kí yàrá ìdarí já breaker kan tí kò gbé ẹrù láti ọ̀nà jíjìn. Tí ó bá já, ẹ jẹ́ kí èyí tuntun máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ sì gbé èyí tẹ́ ẹ yọ sínú àpótí.